Iná Tó Ń Gba Orí Wa Kọjá

Kò sí abúlé tí mo wọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn tí wọn kò bi mí ní ìbéèrè yìí: “Ẹ̀yin NEPA, ẹ wo wáyà ńlá yẹn. Tọ̀sán-tòru ló ń gba orí oko wa kọjá. Kí ló dé tí ẹ kò fa díẹ̀ sílẹ̀ fún wa níbẹ̀?” Àgbà ń bi mí, ọmọ iléèwé ń bi mí. Bí mo bá sì ní kò ṣeé ṣe, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó jẹ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń wò mí.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Iṣẹ́ wáyà ni mo ṣe, láti Òṣogbo dé Ìbàdàn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, títí kan apá Yewa. Orúkọ iléeṣẹ́ yí padà mọ́ wa lórí: NEPA ni nígbà tí mo wọlé, ó di PHCN ní 2005, ìjọba sì tà á fún àwọn oníṣòwò ní 2013. Lẹ́nu àwọn ará ìlú, NEPA ni gbogbo wa títí dòní. Ìbéèrè àwọn ará abúlé yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ yóò mọ ìdí tí iná fi ṣọ̀wọ́n ní Òkè-Ògùn àti ní gbogbo ìgbèríko tó ń dàgbà, yóò sì mọ ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá ṣèlérí iná.

Ìdí tí wáyà ńlá kì í fi í yà sí abúlé

Ibi tí a ti ń ṣe iná máa ń jìnnà sí ibi tí a ti ń lò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sé odò Ọya ní Kainji ní 1964, wọ́n sì ṣí i ní 1969. Láti ibẹ̀ ni wáyà 330,000 volt ti gba Jẹ́bà wá sí Òṣogbo, ó gba Ìbàdàn kọjá, ó dé Èkó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún sé odò kan náà ní Jẹ́bà, tí wọ́n sé odò Kàdúná ní Shiroro, tí wọ́n sì kọ́ Ẹgbin sí etí ọ̀sà l'Ékòó, èyí tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́, tí agbára rẹ̀ tó 1,320 megawatt. Kí ìṣirò lè yé wa: áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan ń jẹ nǹkan bí kilowatt kan, ẹgbẹ̀rún kilowatt ni megawatt kan, kilowatt kan tí a lò fún wákàtí kan gbáko ni yúnìtì kan tí mítà yín ń kà.

Iná tó ń jáde lára ẹ̀rọ ní Kainji tàbí Ẹgbin jẹ́ nǹkan bí 16,000 volt. Bí wọ́n bá gbé e rìn bẹ́ẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn, díẹ̀ ni yóò kù. Wáyà dà bí alárù tó ń jẹ nínú iṣu tó rù: bí ọ̀nà bá ṣe gùn sí i ni ẹrù ń dín kù sí i. Ohun tí wáyà bá jẹ á di ooru, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Kọ́rẹ́ńtì tó ń gba inú wáyà ló ń pinnu bí yóò ṣe jẹ tó. Bí kọ́rẹ́ńtì bá di ìlọ́po méjì, òfò á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ dá sí i ni pé kí wọ́n gbé volt sókè kí kọ́rẹ́ńtì lè wálẹ̀. Agbára kan náà tí wọ́n bá fi 330,000 volt gbé dípò 33,000, kọ́rẹ́ńtì rẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́wàá, òfò orí wáyà kan náà á sì di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó bá wá kù díẹ̀ kó délé, wọ́n á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìpele-ìpele: 330,000 di 132,000, ó di 33,000, ó di 11,000, tiransífọ́mà àdúgbò á sọ ọ́ di 415, ilé yín á sì gba nǹkan bí 230.

Ìdáhùn ìbéèrè àwọn ará abúlé wà nínú ìpele wọ̀nyẹn. Ẹ kò lè gbé tiransífọ́mà kékeré so mọ́ wáyà 330,000 volt. Ẹ̀rọ tó máa sọ ọ́ di 132,000 wúwo ju ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù lọ. Afárá mìíràn wà tí ọkọ̀ tó gbé e kò gbọdọ̀ gùn. Yóò nílò ilẹ̀ gbalasa, àwọn ẹ̀rọ tí ń já iná nígbà tí ewu bá dé, àti òṣìṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ sùn. Abúlé tó ní igba ilé lè máà lò tó 100 kilowatt ní àṣálẹ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ lè gbé ìlọ́po ẹgbẹ̀rún èyí. Ohun kan tún wà níbẹ̀: gbogbo ibi tí a bá ti fi ẹ̀ka sí ara wáyà ńlá ni ibi tí nǹkan ti lè bàjẹ́, bí wáyà 330,000 bá sì bàjẹ́, kì í ṣe abúlé kan ni yóò ṣókùnkùn, ìpínlẹ̀ bíi mélòó kan ni.

Mo gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan sí i kí n tó kúrò lórí rẹ̀. Iná orí wáyà yẹn kò dúró kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án kó tó pa á. Ó lè fo àlàfo gbà wá. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ilẹ̀ abẹ́ wáyà 330,000 ṣófo ní mítà 50, ti 132,000 ní mítà 30. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù, mo ti rí ilé ìjọsìn, mo ti rí ilé alájà kan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń gbébẹ̀ máa ń sọ fún mi pé ìró rẹ̀ ti mọ́ àwọn lára.

Ẹni tí wáyà ńlá mọ̀ ni ẹni tó máa ra ọjà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí iná láti Ìkẹjà lè kọjá ẹnubodè lọ bá àwọn ìbátan wa ní Ìṣàkété, ní orílẹ̀-èdè Benin, láti 2007. Nígbà náà, iléeṣẹ́ CEB tó ń ra iná fún Benin àti Tógò ló ń gbà á níbẹ̀ lójú kan, ní ọ̀pọ̀ megawatt, wọ́n á wá lọ pín in fún ara wọn. Àwọn abúlé Yewa tó wà lábẹ́ irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò lè rà á lọ́nà yẹn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kórìíra wọn. Iná tiwọn ní láti gba ọ̀nà kékeré wá, orí ọ̀nà kékeré yẹn sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìdí ọ̀nà kékeré

Òkè-Ògùn ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí mo mọ òpó ibẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni, láti Ìsẹ́yìn dé Kìṣí. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kajú ni wọ́n ń gbìn. Àwọn aláṣọ òfì wà ní Ìsẹ́yìn, òkúta mábù wà ní Ìgbẹ́tì, ọjà ẹnubodè wà ní Ṣakí. Àgbègbè náà ti gbèrú. Níbi tí ilé mẹ́wàá ti ń tan fìtílà nígbà kan, ẹ óò rí alájọmọ́ra, aránṣọ tó ń lo áyọ́ọ̀nù, obìnrin tó ń ta ẹja inú fíríìsà, ọ̀dọ́ tó ń gba owó fún fífi iná sí fóònù, àti kànga onímọ́tọ̀ ní kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Wáyà kò gbèrú tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún pípẹ́ ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti ní ìgbìmọ̀ tó ń mú iná dé ìgbèríko. Àwọn ló ń ri òpó, àwọn ló ń fa wáyà, wọ́n á sì fà á lé NEPA lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n wáyà 33,000 volt tí wọ́n kọ́kọ́ fà fún ìlú ńlá díẹ̀ ni wọ́n wá ń ti ara rẹ̀ fa ẹ̀ka fún abúlé lẹ́yìn abúlé, títí ó fi gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí iná bá fi máa dé ìdí rẹ̀, volt ti já. Gílóòbù á pọ́n, fíríìjì á máa kùn láìmú nǹkan tutù, mọ́tọ̀ á gbóná títí yóò fi jó. Àwọn ènìyàn á ní “lóò kọ́rẹ́ńtì” ni. Òótọ́ ni wọ́n rí, alárù ti jẹ iṣu tán lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìdí òpó kan lápá Ṣakí, ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Tiransífọ́mà 100 kVA ló wà níbẹ̀. Ohun tó lè gbé láìjìyà kò ju nǹkan bí 80 kilowatt lọ. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń lo ìdajì kilowatt, ọgọ́jọ ilé ló lè ràn lọ́wọ́. Àdúgbò yẹn ti ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti oko àti ọjà dé, tí ẹni tó ń lọta náà tún gbá mọ́tọ̀ rẹ̀, ìró tiransífọ́mà á yí padà. Á kúrò ní kíkùn jẹ́jẹ́, á di ìráhùn. Mọ́tọ̀ agbára ẹṣin mẹ́wàá ń jẹ nǹkan bíi kilowatt méje ààbọ̀ nígbà tó bá ń yí, ṣùgbọ́n lásìkò tó bá ń gbéra, kọ́rẹ́ńtì tó ń fà lè tó ìlọ́po mẹ́fà. Gbogbo gílóòbù àdúgbò á ṣẹ́jú. Fíúsì á já: pàà! Òkùnkùn.

Ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ló ń dùn mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó “mọ iná díẹ̀” á gun òpó, á mú wáyà tó nípọn, á fi dí ojú fíúsì. Iná á dé, àwọn ọmọdé á hó “Ùp NEPA!” Fíúsì ni wọ́n ṣe pé kó kú kí tiransífọ́mà má bàa kú. Nígbà tí wáyà tó nípọn kò bá já mọ́, inú tiransífọ́mà ni yóò jó. Nígbà tí a bá débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, òórùn ọ́ìlì tó jó ni a ó kọ́kọ́ gbọ́, òkè rẹ̀ á ti wú, wọ́n á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó.

Ìgbà yẹn ni àwọn olóṣèlú máa ń dé. Wọ́n á gbé tiransífọ́mà tuntun wá, wọ́n á kọ orúkọ sí i lára, fọ́tò á jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Tiransífọ́mà kò ṣeé fi ọwọ́ lásán rà. Ṣùgbọ́n tiransífọ́mà kì í ṣe iná. Ó ń gba ohun tó bá wà lórí wáyà, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni. Bí wáyà 33,000 tó ń bọ́ ọ bá ti kún, tiransífọ́mà tuntun á kàn mú kí volt gbogbo abúlé tó wà lórí rẹ̀ tún já sí i ni. Mo ti rí àwọn kan tí wọ́n so mọ́ òpó fún ọ̀pọ̀ ọdún tí iná kò gba inú wọn rí.

Iná tó wà nílẹ̀ kò tó

Bí wáyà tilẹ̀ dára, ohun tí yóò gbé ń kọ́? Bí a bá ka gbogbo ẹ̀rọ tó ń ṣe iná ní Nàìjíríà pọ̀, agbára wọn tó nǹkan bí 13,000 megawatt. Lọ́jọ́ tí iná pọ̀ jù lórí wáyà orílẹ̀-èdè yìí nínú ìtàn rẹ̀ títí di ìgbà náà, ìyẹn ní oṣù kẹta ọdún 2025, ó lé díẹ̀ ní 5,800 megawatt. Èèyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù ló ń dúró dè é. Àwọn ẹ̀rọ kan ti bàjẹ́, gáàsì kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn kan, gbèsè wà lọ́rùn gbogbo wọn, nígbà mìíràn sì rèé, wáyà kò lè gbé ohun tí ẹ̀rọ ṣe.

Iná yìí kì í dúró de ènìyàn. Ohun tí wọ́n bá ṣe ní ìṣẹ́jú yìí, ìṣẹ́jú yìí náà ni a gbọ́dọ̀ lò ó. Ibùdó tó ń ṣọ́ ìyẹn wà ní Òṣogbo. Nọ́ńbà kan ni àwọn tó wà níbẹ̀ kì í gbé ojú kúrò lórí rẹ̀: 50. Ìyẹn ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ẹ̀rọ láti Kainji dé Ẹgbin ló ń yí pọ̀ ní ìṣísẹ̀ kan náà. Bí a bá ń lo iná ju èyí tí wọ́n ń ṣe lọ, gbogbo wọn á fà sẹ́yìn pọ̀, 50 á di 49 àti díẹ̀. Àwọn ará Òṣogbo á tẹ àwọn iléeṣẹ́ apínná láago pé kí wọ́n já àwọn fíídà kan, ìyẹn àwọn wáyà tó ń pín iná fún àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá kú lójijì tí wọn kò sì rí èyí tí yóò gbapò rẹ̀ kíá, àwọn ẹ̀rọ yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn kí wọ́n má bàa bàjẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Òun ni a ń gbọ́ lórí rédíò pé iná orílẹ̀-èdè dojú bolẹ̀. Ní 2024, ó ṣẹlẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ.

Tí wọ́n bá ní kí wọ́n já fíídà, ti ta ni wọ́n máa já? Ní oṣù kẹrin 2024, àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí ogún wákàtí fún lójúmọ́, ni owó yúnìtì wọn gbéra láti 68 náírà sí 225. Fíídà ìgbèríko tó gùn, tí òfò pọ̀ lórí rẹ̀, tí mítà kò pọ̀ nídìí rẹ̀, kò lè bá a du ipò. Oníṣòwò tó mọ ìṣirò á kọ́kọ́ gbé iná rẹ̀ síbi tí owó wà. Àwọn ará Òkìtìpupa, Ìrèlè àti Ìlàjẹ ní ìhà gúúsù Oǹdó mọ èyí dé egungun. Ẹ̀rọ iná Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, tó ń ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún megawatt, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa gan-an, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìlú wọ̀nyẹn fi wà nínú òkùnkùn. Iná ń jáde nílé wọn, ó ń bá wáyà ńlá lọ.

Omi àti oòrùn tó wà nítòsí

Èrò tèmi ni pé àgbègbè tó wà ní ìdí wáyà kò gbọdọ̀ gbé gbogbo ojú lé Kainji. Iná tí a bá ṣe nítòsí ìdí wáyà níye lórí ju iye megawatt rẹ̀ lọ, nítorí kò ní ọ̀nà jíjìn láti rìn, ó sì ń gbé volt tó ti já dìde. Bí megawatt mẹ́fà bá wọ Ìsẹ́yìn láti ìtòsí, fíídà tó ti ń ráhùn á mí kanlẹ̀.

Kò yẹ kí n ní “bí”. Wọ́n ti sé odò Ògùn ní Ìkẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsẹ́yìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà, omi rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, megawatt mẹ́fà sì ni wọ́n ṣètò pé kó máa jáde níbẹ̀. Bí a bá fi ìdajì kilowatt fún ilé kan, ẹgbàá mẹ́fà ilé nìyẹn. Odò Òfíkì tó ń ti Òkè-Ògùn ṣàn ń lọ pàdé Ọyán, wọ́n sì sé e níbẹ̀ ní 1983, lókè Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ mẹ́ta, megawatt mẹ́ta-mẹ́ta, ni wọ́n gbé sí Ọyán. Omi rẹ̀ ń dé ilé àwọn ará Abẹ́òkúta àti Èkó. Ní ti iná, ogún ọdún kọjá lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yí. Ìkẹ̀rẹ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ná owó ògiri, wọ́n ná owó ilẹ̀, iṣẹ́ tó kù kò tó èyí tí wọ́n ti ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n sì dúró sí.

Oòrùn ni èkejì. Ní 2018, abúlé kan tó ń jẹ́ Gbamu-Gbamu ní Ìjẹ̀bú, níbi tí kòkó ti pọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná tirẹ̀ láti inú sólà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 85 kilowatt. Iléeṣẹ́ aládàáni kan ló kọ́ ọ, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ láti Jámánì àti Yúróòpù. Kò so mọ́ wáyà Kainji rárá. Páńẹ́ẹ̀lì wà lórí ilẹ̀, bátìrì wà nínú ilé fún alẹ́, òpó àti wáyà pín in ká àdúgbò, olúkúlùkù sì ní mítà tó ń san owó sí kó tó lò ó. Òfin tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ iná ní Nàìjíríà, ṣe ní 2016 ló ṣí ọ̀nà fún irú rẹ̀, títí dé megawatt kan. Òfin náà jẹ́ kí iléeṣẹ́ àti àwọn ará abúlé jọ fẹnu kò lórí owó yúnìtì, bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà bá gbà. Ó tún sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wáyà ìjọba bá dé lọ́jọ́ iwájú: kí iléeṣẹ́ náà gba owó gbà-má-bínú, tàbí kó darapọ̀ mọ́ wáyà ìjọba. Ní oṣù kejìlá 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, wọ́n sì fojú sí i pé yóò dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 17 ààbọ̀.

Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń lò ó ni pé ó wọ́n. Òótọ́ ni, ó wọ́n ju ti NEPA lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi wé ohun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Bí bẹntiróòlù bá jẹ́ 900 náírà ní lítà, tí gẹ́ẹ̀nì kékeré sì mú yúnìtì kan ààbọ̀ jáde lórí rẹ̀, yúnìtì kan ti di 600 náírà, a kò tíì ka ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti owó mẹkáníìkì.

Bátìrì ló ń jẹ́ kí iná sólà wọ́n. Iná tí a bá lò nígbà tí oòrùn wà lójú ọ̀run kò gba inú bátìrì kọjá, nítorí náà ó rọjú. Mo rí èyí lójú ara mi ní abúlé kan, níbi tí ìyá kan ti ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ àtijọ́ wà ní kọ̀rọ̀, adìyẹ ti ń yé sábẹ́ rẹ̀. Mọ́tọ̀ iná ló wà lójú iṣẹ́, wọ́n sì so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn tí ń jẹ́ kó gbéra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí iná abúlé má bàa ṣẹ́jú. Àwọn obìnrin to abọ́ ẹ̀gẹ́ wọn sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò. Ìyá náà na ọwọ́ sí aago ara ògiri.

“Bàbá NEPA, aago mẹ́wàá sí mẹ́ta ni tèmi. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ó di ọ̀la.”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà ò ṣe fún wọn ní ìrọ̀lẹ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Owó ọ̀sán yàtọ̀ sí owó alẹ́ níbí. Tí mo bá rin ín lálẹ́, mítà ló máa jẹ èrè mi. Ẹ̀yin ò sì kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ wà ní NEPA.”

Kò parọ́ mọ́ wa. Iná tí a fà lọ sí ìgbèríko nígbà tiwa, gílóòbù alẹ́ ni a ń rò. Gílóòbù alẹ́ kò lè san owó òpó. Iṣẹ́ ọ̀sán ló ń san án: ìlọta, ìrin ẹ̀gẹ́, yàrá òtútù fún tòmátò àti ẹja, ẹ̀rọ omi, alájọmọ́ra. Níbi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, oníṣòwò iná á wá fúnra rẹ̀. Níbi tí kò bá sí, ẹ̀bùn ìjọba nìkan ló lè gbé e dúró, ẹ̀bùn a sì máa tán.

Mi ò sọ pé kí sólà rọ́pò wáyà o. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ gé mábù ní Ìgbẹ́tì tàbí èyí tó fẹ́ sọ ẹ̀gẹ́ di ìyẹ̀fun ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù kò ní rí ohun tó tó o nínú 85 kilowatt. Àgbègbè tó ń dàgbà nílò méjèèjì: wáyà 132,000 tó dé ìtòsí rẹ̀ kí ti 33,000 lè kúrú, àti iná àdúgbò fún àwọn abúlé tí wáyà kò lè dé láìpẹ́.

Ọ̀dọ̀ ta ni ká lọ?

Tẹ́lẹ̀, bí a bá bi gómìnà, á ní Àbújá ló ni ín. Kò kúkú parọ́ tán. Òfin orílẹ̀-èdè nígbà náà jẹ́ kí ìpínlẹ̀ ṣe iná níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò dé nìkan. Ní oṣù kẹta 2023, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n yọ gbólóhùn yẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ààrẹ fọwọ́ sí òfin iná tuntun. Ìpínlẹ̀ ti lè ṣe iná, ó lè gbé e, ó lè pín in, ó sì lè ṣàkóso àwọn tó ń tà á nínú ilẹ̀ rẹ̀. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso náà ní 2024, Ọ̀yọ́ náà sì tẹ̀ lé wọn. Àwíjàre “Àbújá ni” ti tán lẹ́nu wọn.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún gbé iná wá ṣe ìlérí, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Àkọ́kọ́, fíídà wo ni yóò máa bọ́ tiransífọ́mà yìí, megawatt mélòó ló sì kù lórí rẹ̀? Èkejì, báwo ni wáyà náà ṣe gùn tó, volt mélòó ni yóò sì délé wa? Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ọ̀sán wo ni yóò máa san owó rẹ̀, ìrànwọ́ wo ni wọ́n sì ṣe fún àwọn tó fẹ́ ra mọ́tọ̀? Ẹ̀kẹrin, nígbà tí fíúsì bá já tàbí tí bátìrì bá kú, ta ni yóò tún un ṣe, láti inú àpò wo? Ẹni tó bá ti ṣe ètò gidi á ní ìdáhùn lẹ́nu, nítorí ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ iná ti gbọ́dọ̀ bi í nìyẹn kó tó ra wáyà kan ṣoṣo. Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ gba tiransífọ́mà rẹ̀, ẹ kí i kú ìnáwó, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbò yín san owó iná tí kò tíì dé.